Ta Ni Yóò Gbọ́ Ìtàn Ẹ̀wù Mẹ́fà?

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá Dókítà ka ìwé náà parí, nínú yàrá tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì pamọ́ sí nílé ìwòsàn, lórí àpò aṣọ méjì tó fi ṣe àga. Nígbà tó ka gbólóhùn tó kẹ́yìn, ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, bóyá ó ṣì kù. Kò kù. Ó gbé ìwé náà lé àyà, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé òun gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan sọ ọ́ fún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ṣíìtì funfun ló tò lọ dé òkè àjà.

Kì í ṣe pé ọmọ rẹ̀ jẹ́ dókítà o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gírámà ló ṣì wà. Láti kékeré ló ti máa ń fi àkísà di ẹsẹ̀ àga tó bá kán, tó ń ní kí bàbá òun lanu kó yọ ahọ́n síta, làwọn ará àdúgbò bá sọ ọ́ ní Dókítà. Ìyá rẹ̀ di Ìyá Dókítà, bàbá rẹ̀ di Bàbá Dókítà. Nígbà tí ìyá wá ríṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, orúkọ yìí di ẹ̀rín. Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun á gbọ́ tí wọ́n ń pè é, wọ́n á rọra kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á ní, "Mà, dókítà wo lọmọ yín nínú àwọn dókítà wa?"

Á ní, "Èyí tó ń wo ẹsẹ̀ àga sàn ni."

Ilé tirẹ̀ kì í dákẹ́. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, èèyàn márùn-ún ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá Dókítà ń tún fíríìjì ṣe, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń gbé wálé. Kò sí ìgbà tí fíríìjì oní-fíríìjì méjì tàbí mẹ́ta kì í dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún ní àga. Dókítà ń kàwé ìdánwò sókè ketekete. Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mọ́kànlá, Aláròyé ni wọ́n ń pe tiẹ̀: ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá ń jẹun, tó bá sì di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó lè ṣe méjèèjì pọ̀. Èyí tó kéré jù, Kékeré, ọmọ ọdún márùn-ún ni, kò sì tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì.

"Mọ́mì, ìbọ̀sẹ̀ mi kejì dà?"

"Mọ́mì, ẹ bá Aláròyé sọ̀rọ̀ o!"

"Ìyá Dókítà, ta ló gbé sípánà mi?"

Orúkọ rẹ̀ kì í tutù lẹ́nu wọn láti àárọ̀ títí tí wọ́n á fi sùn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pè é, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pè é láti bi í pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìwé ìtàn ni ìgbádùn rẹ̀, pàápàá irú èyí tí àwọn Kristẹni máa ń kọ, tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń gbàdúrà, tí wọ́n ń ṣubú, tí wọ́n sì ń dìde. Kò kà á torí ẹ̀kọ́. Ó ń kà á torí pé ó dùn. Ó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nígbà tó wà lọ́mọbìnrin, ó lè ka odidi ìwé kan tán láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tọ́mọ dé, ó pa kíkà tì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Ìgbà tí Kékeré bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ló tún padà sí i, àmọ́ àjíkà ni. Á mú táwẹ̀lì, á fi ìwé sábẹ́ rẹ̀, á wọ balùwẹ̀, á ṣí omi kí wọ́n lè rò pé ó ń wẹ̀. Bàbá Dókítà tiẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ìyàwó òun ló mọ́ jù ní gbogbo àdúgbò. Níbi iṣẹ́, ó ní ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sàn-án. Á fi mẹ́wàá jẹun, á fi ogún kàwé.

Orí tábìlì ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti rí *Ẹ̀wù Mẹ́fà*, lábẹ́ àwọn kàlẹ́ńdà tọ́dún wọn ti kọjá. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Orúkọ obìnrin kan tí kò gbọ́ rí ló wà lára rẹ̀. Ó ṣí i wò, ó rí i pé orí kọ̀ọ̀kan kúrú, ojú ewé méjì, tó bá pọ̀ jù, mẹ́ta. Ó ní èyí ni tèmi.

Aránṣọ ni obìnrin inú ìwé náà, opó ni, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló sì bí. Ọmọ náà bá a jà lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ó di ẹrù rẹ̀, ó jáde, kò sì padà. Lọ́dọọdún, tó bá ku oṣù kan kí ọjọ́ ìbí ọmọ náà pé, ìyá yìí á rán ẹ̀wù kan fún un, á máa fojú inú wo bí èjìká rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó. Tí ọjọ́ náà bá kọjá tí kò wá, á gbé ẹ̀wù náà fún ẹni tí kò ní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á tún rán òmíràn. Oṣù méjì ni Ìyá Dókítà fi bá obìnrin yìí gbé. Ó mọ yàrá rẹ̀, ó mọ bí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣe ń ké. Nígbà míì tó bá ń ká ṣíìtì, ó máa ń rò pé òun náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi délé lọ́jọ́ Ajé náà tí ìtàn náà kún un lọ́fun bí omi.

Bàbá Dókítà jókòó sílẹ̀ níwájú fíríìjì kan, ó fi iná wo ìdí rẹ̀. Ìyá Dókítà fà sún mọ́ ọn.

"Bàbá Dókítà, mo ka ìwé kan parí lónìí."

"Ẹn-ẹ́n. O kú iṣẹ́."

"Obìnrin kan ló wà nínú ẹ̀, aránṣọ ni..."

Fóònù dún. Oníbàárà ni. Bàbá Dókítà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ń dún tí ò tutù ni, àbí ò tiẹ̀ dún rárá?" Ọ̀rọ̀ fíríìjì gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti rí i pé ìyàwó òun ti wọ ilé ìdáná, ó kígbe tẹ̀ lé e: "Kí lo ń sọ lẹ́ẹ̀kan? Ṣé aránṣọ ba aṣọ ẹ jẹ́ ni?"

"Rárá o," ó dáhùn. "Kò bà á jẹ́."

Ó gbìyànjú lọ́dọ̀ Dókítà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà gbọ́ tó bí ìṣẹ́jú méjì, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà tó ń kà nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mo ní ìdánwò. Ẹ sọ ibi tó parí sí fún mi."

"Kò ṣe é sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ọmọ yẹn padà wá àbí kò wá?"

"Ó wá."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ó dùn gan-an." Ló bá tún dojú kọ ìwé.

Aláròyé tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́ "ẹ̀wù", ó ní èyí tiẹ̀ rán òun létí ẹ̀wù bọ́ọ̀lù kan tí ọmọ kíláàsì òun wọ̀ wá. Títí ìyá rẹ̀ fi fọ abọ́ tán, tó sì nu ilẹ̀, ìtàn ẹ̀wù bọ́ọ̀lù kò tíì dé ìdajì.

Níbi iṣẹ́, Àǹtí Ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ń ká aṣọ. Obìnrin yìí ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ ṣíìtì, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ohun tí kò lè sọ lójú ẹni. Ó di etí ṣíìtì kan mú, Ìyá Dókítà di èkejì mú, wọ́n ń rìn lọ síwájú wọ́n ń rìn sẹ́yìn, Ìyá Dókítà sì ń sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń pàdé. Nígbà tó dé ibi tí ẹkún ti mú un, Àǹtí Ẹ̀rọ dúró.

"Dúró ná. Ṣé òótọ́ ni, àbí ẹnì kan ló rò ó?"

"Ẹnì kan ló rò ó, mà."

"O ń sunkún torí ohun tí ò ṣẹlẹ̀?" Ó nawọ́ sí ògiri tó pààlà sí wọ́ọ̀dù. "Àwọn tó ń jẹ̀rora gan-an wà lẹ́yìn ibí yìí. Ìwọ ń sunkún ẹni tí ò sí láyé."

Ìyá Dókítà fa etí ṣíìtì tirẹ̀ tọ́. Ìgbà tó dé ilé lèsì tó wá sí i lọ́kàn: àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri, ṣíìtì wọn nìkan lòun ń rí. Òun ò mọ ìkankan nínú wọn bí òun ṣe mọ aránṣọ yẹn. Àmọ́ èsì tó pẹ́ kí ó tó dé, ta lèèyàn fẹ́ padà lọ fi fún?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó rò pé ọ̀nà ti là. Ìyàwó pásítọ̀ tó ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde. Ó dìde. Ó ní òun kò ní ẹ̀rí, ìwé kan ni òun kà. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sọ ọ́ wéréwéré, ojú ń tì í, ó fo ibi tó dùn jù. Bó ṣe jókòó ni ìyàwó pásítọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?" Ọwọ́ ń lọ sókè. Ẹnì kan ní kí ọmọ máa gbọ́ràn. Ẹlòmíràn ní sùúrù. Ẹnì kẹta ní ó dára kí obìnrin mọ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó. Ìyá Dókítà ń wò ó, ó sì ń rí i bí ṣíìtì ṣe máa ń wọ ẹnu ẹ̀rọ Àǹtí Ẹ̀rọ: á wọlé pẹ̀lú gbogbo ìrunpọ̀ ara rẹ̀, á jáde ní pẹlẹbẹ, gbígbóná, láìní ìrísí ẹni tó sùn lórí rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kì í ṣe òótọ́. Òun ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun gbé wá nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, ní lẹ́tà wínníwínní: *Tí ìwé yìí bá bá ọ sọ̀rọ̀, kọ̀wé sí mi. Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀.* Nọ́ńbà àpótí lẹ́tà wà níbẹ̀, àti orúkọ ìlú kan tó jìnnà, tí ọkọ̀ ò lè dé láàárín ọjọ́ kan.

Ó já ìwé láàárín ìwé àkọ́sílẹ̀ Dókítà tó ti gbó, ó jókòó sáàárín àwọn ṣíìtì, ó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ nígbà mẹ́ta kó tó wù ú.

*Ìyá mi ọ̀wọ́n,* ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, *ẹ má bínú pé mi ò mọ̀ yín. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti ka ìwé yín. Mi ò ní ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, lọ́dún tó gbé ẹ̀wù kẹta fún ọmọ oníjà àdúgbò yẹn, ṣé inú ń bí i? Ẹ ò sọ ọ́, àmọ́ ó dà bíi pé inú ń bí i. Mo rò ó títí. Mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ níbí. Tí ẹ bá ń kọ òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ kúrú bí ti èyí, èmi náà ní ọmọ mẹ́ta.* Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Méjì kọjá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń ká àpò ìrọ̀rí, ó ń bá òǹkọ̀wé náà sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti fún un ní ojú, ó ti fún un ní ohùn: obìnrin tó sanra díẹ̀, tó máa ń yọ awò ojú kó tó rẹ́rìn-ín. Á bi í léèrè, á sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Àǹtí Ẹ̀rọ rí ètè rẹ̀ tó ń mì, ó rò pé àdúrà ló ń gbà, ó ní, "Fi mí sí i o." Tí fóònù bá dún nílé, á sáré, á sì rí i pé oní-fíríìjì ló fẹ́ Bàbá Dókítà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò sáré mọ́. Ó gbé ìwé mìíràn láti orí tábìlì ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka orí kan, ó pa á dé. Kí ló fẹ́ tún parí ìwé mìíràn fún, tí ti àkọ́kọ́ ò tíì bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, gbogbo wọn wà nílé. Ìrẹsì wà lórí iná. Fóònù dún, nọ́ńbà tí kò mọ̀.

Ohùn obìnrin ni, ó ń lọ́ra. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà nípa ẹ̀wù?"

"Èmi ni, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé náà?"

"Rárá o. Ìyá mi ló kọ ọ́. Wọ́n ti kú, mà. Ó ti di ọdún méjì."

Nínú pálọ̀, Aláròyé àti Kékeré ń jà lórí ìrọ̀rí. Ìyá Dókítà rìn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kó sáàárín fíríìjì méjì, níbi tí ariwo ò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ó sọ ọ́, ó sì rí i pé òun gan-an ló ń fẹ́ kí ẹnì kan kí òun pẹ̀lẹ́. Ọdún méjì! Kó tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ rárá, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ gbogbo nídìí àpò ìrọ̀rí ti wà nínú ilẹ̀.

Obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo lọ dá kọ́kọ́rọ́ àpótí lẹ́tà wọn padà ni. Ìwé ìpolówó ló kún inú ẹ̀. Lẹ́tà yín nìkan ni lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Mo ti kà á ó tó ìgbà mẹ́wàá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa pè yín, torí ìbéèrè tẹ́ ẹ bi wọ́n, mi ò lè dáhùn ẹ̀."

"Kò burú, mà."

"Ó burú díẹ̀." Ó mí sókè. "Mi ò tíì ka ìwé náà rí. Kò sí ìkankan nínú wa tó kà á. Àwa mẹ́rin ni wọ́n bí. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, a kéré, tábìlì ìdáná ni wọ́n ń lò. Àwa rò pé ìwé yẹn ló ń gba ìyá wa lọ́wọ́ wa. Nígbà tó jáde, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ẹyọ kan. Mo fi tèmi sínú àpótí. Wọ́n á ní, 'Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?' Màá ní, 'Mọ́mì, iṣẹ́ pọ̀.' Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é títí wọ́n fi lọ. Ní báyìí, mo ṣí i, ojú mi ò ríran. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ìyá Dókítà bẹ̀rẹ̀.

Kò sáré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìjà, láti orí ìlẹ̀kùn tí ọmọ náà gbá dé tí ìkọ́ rẹ̀ sì já. Ó sọ nípa ẹ̀wù kìíní tó kéré jù, torí pé ìyá náà ò tíì lè gbà pé ọmọ òun máa dàgbà lẹ́yìn òun. Ó sọ nípa èkejì, ó sọ nípa ẹ̀kẹta àti ọmọ oníjà àdúgbò tó gbé e fún. Ó sọ pé lábẹ́ ọrùn ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, ìyá náà máa ń fi òwú pupa rán àgbélébùú kékeré kan síbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ti ní rí i, torí pé bó ṣe máa ń ṣe sí ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ láti kékeré nìyẹn. Obìnrin orí fóònù ń ní, "Ẹn-ẹ́n... ẹn-ẹ́n," bí ọmọdé.

Kékeré wá fa aṣọ rẹ̀. "Mọ́mì, ìrẹsì ń rùn."

"Mo gbọ́," ó ní, kò sì yí orí padà.

"Nígbà tó di ọdún keje," ó ń bá ìtàn lọ, "ọwọ́ ìyá yìí ti ń gbọ̀n. Kò lè rán ẹyọ kan. Ó gé aṣọ náà lásán, ó tò ó sórí tábìlì, ó ní, 'Olúwa, ibi tágbára mi mọ nìyí.' Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ rẹ̀ wà ní ibùdókọ̀ kan ní ìlú jíjìnnà, ó ń ran ọkùnrin kan lọ́wọ́ láti gbé ẹrù sókè. Ọkùnrin yẹn tẹrí ba, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣí. Ọmọ náà rí àgbélébùú pupa. Ó ní, 'Ta ló fún ẹ lẹ́wù yìí?' Ọkùnrin yẹn ní, 'Ìyá aránṣọ kan ni, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní ọmọ òun ló ni ín, àmọ́ ọmọ òun ò tíì nílò rẹ̀.'"

Kò sí "ẹn-ẹ́n" mọ́ ní òdìkejì. Ẹkún ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pa mọ́ra.

"Ṣé kí n dúró, mà?"

"Ẹ má dúró."

"Ó wọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kanlẹ̀kùn. Ìyá ò bi í pé ta ni. Ó ní, 'Mú téèpù wá, kí n wọn èjìká ẹ.' Ọmọ náà ló wá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìyá ń sọ ọ̀nà tí yóò gbà fún un, ó ń rán an. Kò gún. Ìwé náà parí síbi tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń wá òwú pupa."

Ìyá Dókítà ń gbọ́ bí àwọn mọ́tò ṣe ń kọjá lójú pópó tí kò mọ̀.

"Ẹ sọ pé orí rẹ̀ kúrú," obìnrin náà sọ nígbà tó yá. "Àwa ló fà á. Nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn, wọ́n sọ fún mi pé ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti parí, ibẹ̀ lẹnì kan nínú wa ti pè wọ́n. Wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín."

Ìyá Dókítà rántí gbogbo ibi tó ti pa ìwé náà dé torí pé ẹnì kan ń pè é. Òǹkọ̀wé náà ti dìde lórí àga níbẹ̀, òun náà ti dìde níbẹ̀. "Mà," ó ní, "ibi tó dáa ló máa ń parí sí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

Nígbà tó wọlé, ilé ti kún fún èéfín. Bàbá Dókítà ti gbé ìkòkò sílẹ̀, ó ń fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó bí ẹni pé àlejò ló wọlé. Oúnjẹ ò jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé.

Dókítà ní, "Mọ́mì, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnì kan tó bi mí léèrè ni."

Aláròyé pàápàá pa ẹnu dé. Wọ́n jẹ búrẹ́dì. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá Dókítà ń gé èékánná, kò wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwé aránṣọ yẹn ni?"

Ó yà á lẹ́nu. "Òun ni."

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́ fún mi."

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó, ó yí ojú rẹ̀ délẹ̀, ó jẹ́ kó dún tán. Ó dúró. Ìyá Dókítà la ẹnu, ó sì rí i pé kò sí ohun tó kù nínú òun. Gbogbo rẹ̀ ló ti sọ sáàárín fíríìjì méjì fún ẹni tí kò rí rí. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, orí rẹ̀ fúyẹ́, ó ń wù ú kó sunkún.

"Bàbá Dókítà, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ó ti rẹ̀ mí."

"Kò burú," ó ní. Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná. Kò sí ìkankan nínú wọn tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àti ní èyí tó tẹ̀ lé e. Bàbá Dókítà rò pé kò wù ú mọ́. Òun náà rò pé ọkọ òun ti gbàgbé.

Obìnrin yẹn kò pè mọ́, àmọ́ ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kúkúrú kúkúrú. *Mo ti dé ojú ewé kọkànlá.* Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà: *Ogójì.* Ìyá Dókítà á dáhùn: *Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀wù kejì ti sún mọ́.* Ó ń retí wọn bí ẹni tó ń retí òjò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí kò sí nǹkan, ó rò pé bóyá ó ti sú u.

Ọ̀rọ̀ mìíràn dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. *Mo ti parí ẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ báyìí. Inú ń bí i lọ́dún kẹta, òótọ́ lẹ sọ. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe tínú bá ń bí wọn gan-an nìyẹn.* Fọ́tò kan tẹ̀ lé e. Ìyá Dókítà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ṣíji bo fóònù kí oòrùn má bàa fọ́ ọ lójú. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló jókòó ti tábìlì, kò sanra rárá, kò wọ awò ojú. Ọmọ kan sùn sí i lẹ́sẹ̀, òmíràn di apá òsì rẹ̀ mú, ó sì ń fi tọ̀tún kọ̀wé. Kò wo ẹni tó ń ya fọ́tò.

Ó wò ó títí. Ó wù ú kó bá a sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Àwọn èèyàn ń yà fún un kọjá, ẹnì kan ní, "Mà, ẹ yà fún wa o." Ó kọ èsì sí ọmọ òǹkọ̀wé náà pé òun ti rí i, kí Ọlọ́run tù ú nínú, ó sì fi fóònù sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìfọṣọ, Àǹtí Ẹ̀rọ ti tan ẹ̀rọ. Ṣíìtì àwọn tó sùn sí wọ́ọ̀dù ti kún kẹ̀kẹ́ mẹ́rin, wọ́n ń dúró dè é.